Òkú Tí Mo Yìnbọn Lù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé Abu Layl. Dókítà tó wá láàárọ̀ yìí bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé n kò gbọ́. Àyà mi ló daṣẹ́ sílẹ̀, etí mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí ẹ máa fún mi ní ohunkóhun tí ọkàn mi bá fẹ́ jẹ. N kò fẹ́ jẹ nǹkan kan. Nǹkan kan wà nínú mi tí mo fẹ́ bì jáde, ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, bí n kò bá sì bì í lónìí, mo máa gbé e wọ sàréè nìyẹn. Ìyá Atwan, jọ̀ọ́, sọ tíì yẹn kalẹ̀, kó o wá jókòó. Ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Màlúù kò ní kú tó o bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń lé e bá. Tèmi ti lé ní ogún, òtítọ́ kò sì lé mi bá. Èmi ni mo dúró dè é, torí pé n kò lè rìn mọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn kan nípa mi. Ẹ mọ̀ ọ́n láti kékeré, ẹ sì ti fi mí rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀. Dahi tó yìnbọn lu òkú. Dahi tó lọ gbẹ̀san lára ẹni tí Ọlọ́run ti pa tán. Bí mo bá wọ ọjà, ẹnì kan á ké sí mi pé, "Bàbá Dahi, adìyẹ tí mo rà yìí ti kú o, ẹ wá bá mi pa á!" Mo máa ń fajú ro bí ẹni tí inú ń bí. Irọ́ ni. Inú mi máa ń dùn. Ẹ̀sín yẹn ni mo dà bora. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ronú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí Hashim, ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ Ìyá Atwan, Galila tó jókòó yìí. Rateb ló pa á, lórí omi oko. Ta ni omi kàn lọ́jọ́ náà ló dìjà, Rateb gbé ọkọ́ sókè, Hashim ṣubú sínú àporo, kò dìde mọ́. Ìjọba ju Rateb sẹ́wọ̀n ọdún méje, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ìjọba, ti ìjọba ni. Ìyá wa, Nabawiya, kò gba ìbánikẹ́dùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dojú àwọn àga tó wà níwájú ilé dé, ó da kọfí nù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wí fún òun pé kí Ọlọ́run forí ji òkú, àfi ìgbà tí a bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dípò ẹ̀jẹ̀. Atwan, ọmọ kan ṣoṣo tí Hashim bí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. Èmi! Èmi tí mo ń sá fún ajá, tí mo máa ń dijú bí wọ́n bá ń pa àgùntàn iléyá.

Ìyá wa ka ọdún méje náà bí aláboyún ṣe ń ka oṣù. Ọdún kẹta lẹ́yìn tí wọ́n lé ọba lọ ni Rateb padà dé. Ó ti rù, ó ń wúkọ́, eruku òkúta tí wọ́n ní kó máa fọ́ lẹ́wọ̀n ti kún àyà rẹ̀. Ìyá wa wọlé, ó ní, "Dahi, Rateb ti dé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí bu oúnjẹ mi sínú àwo àwọn obìnrin. Èmi àti Bàbá Khallaf, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ilé, á jọ jókòó, búrẹ́dì á wà níwájú wa, Ìyá á pè mí níṣojú gbogbo èèyàn pé, "Rárá o, tìrẹ wà níhìn-ín. Wá bá wa jẹ, ọ̀rọ̀ làálì là ń sọ." Àwọn obìnrin á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan ni o kì í rẹ́rìn-ín, Galila. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù, torí àánú mi ló ń ṣe ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, lóṣù tí a ń pa ọkà àlìkámà. Oòrùn ń sun ilẹ̀, gbogbo abúlé wa, Nag Awwam, ti wọlé lọ sùn. Mo lọ tú màlúù sílẹ̀ nídìí kẹ̀kẹ́ omi tó ń yí láti fa omi kànga sóko, ni mo bá rí Rateb lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà níbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbórí lé aṣọ funfun kan tí wọ́n ká dáadáa. Mo mọ aṣọ náà kí n tó sún mọ́ ọn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Aṣọ ìsìnkú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá pààyàn, tó wá gbé aṣọ ìsìnkú ara rẹ̀ lé ọwọ́ méjèèjì, tó fẹsẹ̀ lásán rìn wá sílé àwọn tó ṣẹ̀, àlejò ni. Àgùntàn ni wọ́n ń pa dípò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe é léṣe lójú ọ̀nà, láti ibí dé Girga, kò sí ilé tó máa fọmọ fún ìran olúwarẹ̀ mọ́.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó lajú. Ó ní, "Ta nìyẹn? Dahi? Ọlọ́run ló rán ọ. Ilé yín ni mò ń lọ, wàláhì, ẹsẹ̀ ló kọ̀ fún mi." Mo bi í pé, "Ìwọ nìkan?" Ó ní, "Shehata àbúrò mi nìkan ló mọ̀. N kò fẹ́ kí èrò máa tẹ̀ lé mi bí ìyàwó tuntun. Jọ̀ọ́, bá mi bu omi díẹ̀, ká jọ máa lọ. Kí Ìyá rẹ ṣe mí bó bá ṣe fẹ́." Mo bu omi lára kẹ̀kẹ́ náà, mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó mu ún, ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ," ó tún dùbúlẹ̀, ó sì dijú láti sinmi. Ó dijú níwájú mi! Bó bá jẹ́ pé ó bẹ̀rù mi díẹ̀ ni, bóyá ìbá ṣì dìde níbẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé, kí ló dé? Ọ̀nà ilé wa lọkùnrin yìí wà, ìjà ti parí. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro mi, ẹ̀yin ọmọ. Bí ó bá dé ilé, Ìyá kò ní lè kọ̀ ọ́. Wọ́n á pa àgùntàn, àwọn àgbà á dì mọ́ra, èmi á sì máa jẹun nínú àwo obìnrin títí mo fi máa kú. Kò ní sí ẹni tí mo máa pa mọ́. Ìgbéraga ojo burú ju ti akin lọ. Mo wò yíká, kò sẹ́nì kankan. Mo fa aṣọ yẹn yọ lábẹ́ orí rẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ bá a tún un ká ni, ó gbórí sókè kí n lè rí i fà. Mo fi bò ó lójú, mo gbé eékún lé àyà tó ń dùn ún yẹn, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò jà púpọ̀. Ìka ló ń fi lu apá mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo dúró títí kò fi kàn án mọ́.

Ẹ jókòó. Ta ló ń dìde? Jókòó, Ìyá Atwan. N kò tíì dé ibi tó burú jù.

Nígbà tí mo ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí tì mí. Kì í ṣe ojú tó yẹ kó ti èèyàn o! Ohun tó ń tì mí lójú ni pé ọ̀nà tí mo gbà pa á kì í ṣe tọkùnrin. Ta ni màá sọ ọ́ fún? "Mo fún un lómi, mo sì fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀"? Ìbọn ló ń gbẹ̀san nílé wa, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró rẹ̀. Mo di òkúta mọ́ aṣọ ìsìnkú náà, mo jù ú sínú kànga kẹ̀kẹ́ omi. Mo pa ojú Rateb dé, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń sùn, mo padà sílé, mo fomi bọ́jú, mo sì jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, mo jí Bàbá Khallaf lójú oorun ọ̀sán. Mo ní, "Rateb ń sùn lábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́. Ẹ dìde wá jẹ́rìí." Bàbá wò mí tìyanu-tìyanu. A jọ lọ. Ó dúró lókèèrè, mo gbé ìbọn sójú, mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì kígbe orúkọ Hashim títí ohùn mi fi há.

Ẹ ò rí ọjọ́ yẹn. Ìyá wa hó ìhó ayọ̀ lórí òrùlé, àwọn obìnrin àdúgbò dá a lóhùn. Wọ́n dá àwọn àga padà dúró, wọ́n se kọfí, àwọn èèyàn wọlé wá kẹ́dùn Hashim lẹ́yìn ọdún méje. Ìyá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹran sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Jẹ, ọmọ mi ọkùnrin." Mo jẹ. Ó dùn lẹ́nu mi, n kò ní purọ́ fún yín. Nígbà táwọn ọlọ́pàá dé, mo na ọwọ́ méjèèjì sí wọn bí ọkọ ìyàwó. Mo ní, "Èmi ni. Ó ń sùn, mo sì pa á."

Mo ti wà látìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí lọ́yà tí Bàbá Khallaf gbà fún mi tó dé. Lamei lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń nu awò ojú rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ látẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Dahi, orí rẹ sunwọ̀n. Ẹni tó o yìnbọn lù ti kú." Mo ní, "Ṣebí èmi ni mo pa á." Ó ní, "Dákẹ́, má pariwo ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ó ti kú kí o tó débẹ̀. Dókítà ìjọba ní ojú ọgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ò tú jáde. Ọkàn rẹ̀ ti dúró, ó kéré tán wákàtí kan ṣáájú ìbọn rẹ. Ọkùnrin alárùn àyà, nínú oòrùn bẹ́ẹ̀ yẹn, kí ló kù? Ìwọ yìnbọn sí ara òkúta, arákùnrin mi!" Ó yẹ kí ẹnu yà mí, mo sì jẹ́ kí ẹnu yà mí. Mo tiẹ̀ gbá orí mọ́ ògiri. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wa ní kí n má ṣe ara mi léṣe.

Lọ́jọ́ ìdájọ́ ní Sohag, ilé ẹjọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ọkùnrin gíga kan báyìí, ó ní, "Ọkùnrin yìí fẹ́ pààyàn. Ó mú ìbọn, ó mú ẹlẹ́rìí, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbà pé ẹni náà wà láàyè. Olè tó ki ọwọ́ bọ àpò tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ṣé kì í ṣe olè ni?" Lamei nu awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Oníwà-ìkà lè jẹ́ ìkà nínú ọkàn rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ ìyẹn. Àpò tó ṣófo lónìí lè kún lọ́la, ìdí nìyẹn tí a fi ń mú olè. Ṣùgbọ́n òkú kò ní jí lọ́la kí wọ́n tún un pa. Ẹ̀mí ni òfin ń dáàbò bò. Ẹ fi ẹ̀mí tí oníbàárà mi fẹ́ gbà hàn mí, kí n jókòó." Àwọn adájọ́ mẹ́ta náà ń kọ̀wé. Ẹ wò mí níbẹ̀, nínú àgò irin yẹn, tí mò ń gbọ́ táwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn bóyá èèyàn lè pa òkú. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè ta ló sọ ọ́ di òkú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè. Shehata ni, àbúrò Rateb, ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń tu èèyàn sọdá Náílì. Àwọn àgbà inú yín rántí rẹ̀. Ó máa ń kólòlò, kò lè pa eṣinṣin. Ó dìde nínú ilé ẹjọ́, ó ní, "Olúwa mi, ẹ̀... ẹ̀gbọ́n mi gbé aṣọ ìsìnkú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ilé wọn ló ń lọ. Aṣọ yẹn dà?" Adájọ́ wo ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ní àwọn ò rí aṣọ kankan. Mo ké láti inú àgò mi pé, "Bóyá ó ti wọ̀ ọ́ lọ sọ́run!" Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín, adájọ́ na tábìlì. Shehata wò mí. Kò bú mi. Ó jókòó, ó sì da ojú rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ọkùnrin yẹn mọ nǹkan kan, pé kò sì ní ẹnu tó máa fi sọ ọ́.

Wọ́n dá mi láre lórí ìpànìyàn àti lórí ìgbìyànjú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́fà nítorí ìbọn tí kò níwèé. Nígbà tí mo ń bọ̀, Lamei mú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Orí ìbọn ni wọ́n ti dá ọ láre, Dahi. Orí ìbọn nìkan. Bí ohun kan bá wà tó ṣáájú ìbọn, n kò bi ọ́, má sì sọ fún mi. Okùn tí wọ́n fi ń so apààyàn rọ̀ ṣì wà níbi tó wà." Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Ọ̀gá."

Mo dé ilé, mo bá àwọn àga tí wọ́n tún ti dojú wọn dé. Kò sí kọfí. Ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tú ìborí dúdú orí rẹ̀, ó sì dà á bò mí lórí níṣojú àdúgbò. Ó ní, "Wọlé, ìyàwó. Ọlọ́run ló pa Rateb, ìwọ lo pa ariwo. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ǹ bá ti bí òkúta dípò rẹ." Bàbá Khallaf pe àwọn àgbà jọ sílé baálẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kà á mọ́ ẹ̀san. Ó ní, "Ọmọ yìí yìnbọn, ó gbà pé alààyè ni. Ó tó." Àgbà kan láti ìlú kejì mi orí. Ó ní, "Khallaf, ìjọba ti fòǹtẹ̀ lù ú pé òkú ni. Ikú tí Ọlọ́run fi pa á, ẹ ò lè gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ẹ sọ ọ́ di tiyín. Ẹ̀jẹ̀ Hashim ṣì wà nílẹ̀." Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó síbẹ̀. Nílé ẹjọ́, òkú tí Rateb jẹ́ ló gbà mí là. Nílé àwọn àgbà, òun náà ló sọ pé a kò tíì gbẹ̀san, pé àbúrò rẹ̀ ló kù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè parí ẹ̀. Kí n ní, "Èmi ni mo pa á, ọwọ́ yìí ni." Mo ro okùn. Mo ro bí wọ́n ṣe máa tutọ́ sí ẹni tó pa aláṣọ ìsìnkú. Mo pa ẹnu mi mọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ojo.

Wọn ò tún yan iṣẹ́ náà fún mi. Ta ló máa fi ìbọn lé ìyàwó lọ́wọ́? Wọ́n dúró títí Atwan fi di géńdé, tó lé lọ́dún mọ́kàndínlógún. Galila, o mọ bó ṣe rí, o mọ bó ṣe máa ń kọrin bó bá ń gé ìrèké. Ó wá bá mi lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, "Bàbá Dahi, Ìyá Àgbà ní èmi ló kàn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Shehata kò ṣe nǹkan kan fún mi rí. Ó máa ń gbé mi sọdá lọ́fẹ̀ẹ́." Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan lójú mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n rí ọ̀nà tí kò fi ní lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo wọ yàrá, mo gbé ìbọn kan tí Bàbá Khallaf fi pamọ́ sínú àká wá. Mo ní, "Má yìn ín lókèèrè bíi tèmi. Sún mọ́ ọn. Rí i dájú pé ó ń mí." Mo kọ́ ọ bó ṣe máa dúró. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé ìdí ìbọn náà ti èjìká ọ̀tún rẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀ Shehata lọ́sàn-án, òun àti obìnrin kan tó gbé ewúrẹ́. Obìnrin náà ló ròyìn rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n dé àárín omi, Atwan dìde, Shehata sì ní, "Jó... jókòó dáadáa, Atwan, omi ń rú, má jìn sómi." Atwan sọkún, ó ní, "Forí jì mí," ó sì yìnbọn lù ú láyà. Ó wá gbé àjẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tu ọkọ̀ náà dé èbúté, ó jókòó ti òkú títí ọlọ́pàá fi dé. Kò sá. Dókítà ò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ti kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n ní ó ti múra ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó ṣe é. Wọ́n kó ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Mufti, àgbà àlùfáà tó ń fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú, wọ́n sì wọ aṣọ pupa àwọn tí wọ́n máa so rọ̀ fún un.

Ibi tó burú jù rèé. Galila, di ara rẹ mú. Ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó so ó rọ̀, wọ́n gbà fún ẹnì kan pé kó lọ wò ó. Àìsàn dá ọ dùbúlẹ̀, èmi lo rán. O fi búrẹ́dì rán mi sí i, wọn ò jẹ́ kí n gbé e wọlé, mo jẹ ẹ́ lọ́nà nígbà tí mò ń bọ̀, mo sì wí fún ọ pé ó jẹ ẹ́ tán, pé ó kí ọ. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀. Ó di irin mú, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní, "Bàbá Dahi, mi ò rí oorun sùn. Ẹ má bínú. Ṣé òótọ́ ni pé Rateb ti kú kí ẹ tó débẹ̀?" Mo ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Torí tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pa á, a ti gbẹ̀san nìyẹn. Á jẹ́ pé mo pa Shehata lásán. Wọ́n máa pa mí náà, ìyẹn ò dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ lásán. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ fún mi. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin, mi ò ní sọ fún ẹnì kankan." Ó sì lè pa á mọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ yẹn kì í tú àṣírí. Okùn kò lè tipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, kò sẹ́nì kankan nítòsí. Ọ̀rọ̀ kan, kó lè fi ojú tó là rí ikú rẹ̀, kó lè tọrọ àforíjì ẹni tó pa. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ronú pé ọmọ yìí á lọ sọ́run lọ bá Hashim, á sì sọ fún un irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ní, "Ó ti kú, Atwan. Wàláhì, ó ti tutù kí n tó dé." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Álíhámúdúlíláì." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Wọ́n so ó rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òfin, òun nìyẹn. Ilé ẹjọ́ béèrè bóyá ẹni tí mo yìnbọn lù wà láàyè, lọ́yà mi sì sọ òtítọ́ fún wọn pé ó ti kú. Òtítọ́ yẹn ló pa Atwan. Láti ọjọ́ náà, Galila, ìwọ lò ń bọ́ mi. O ní èmi nìkan lọkùnrin tó kù fún ọ nílé yìí. O fọ aṣọ mi, o gbé mi lọ sí balùwẹ̀, o bá mi gé ẹran kéékèèké nígbà tí eyín mi tán. Mo ń jẹ oúnjẹ ìyá ẹni tí mo pa, mo sì ń sọ fún un pé iyọ̀ ò tó.

N kò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́. Forí jì mí. Kì í ṣe torí pé mo yẹ. Ẹ̀rù ń bà mí ni, bó ṣe ń bà mí látìgbà tí mo ti dáyé. Sọ nǹkan kan. Bú mi. Ẹ̀yin ọmọ, kí ni Galila sọ? Etí mi ò gbé e dáadáa, ó yíjú sí ibòmíràn. Ó ní òun ń lọ ibo? Ilé Shehata? Kò tíì dé ilé yẹn láti ọjọ́ tí Hashim ti kú. Ó ní ọmọbìnrin Shehata gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Ó ní kí n má tíì kú kí òun tó dé? Ẹ má dì í mú. Kí ẹnì kan bá a mú ọ̀pá, ọ̀nà yẹn kò dára fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dì í mú.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbọ́. Bí ìyá yín bá bu oúnjẹ yín sínú àwo obìnrin, ẹ jẹ ẹ́. Oúnjẹ kan náà ni. Bí wọ́n bá da ìborí bò yín, ẹ wọlé pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà táwọn ará ilé Shehata bá dé, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má dìde láti gbèjà mi, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àgbàlagbà aláìsàn ni mí. Ẹ gbé mi jókòó báyìí, kí ẹ fi ìrọ̀rí tì mí lẹ́yìn, kí ohùn mi lè jáde dáadáa. Mo gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀.